Atalẹ̀, orógbó àti ara wíwú: Ohun tí egbò ń ṣe sí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara

Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2020 ni ìjọba fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àrùn Kòrónà ti wọ ìpínlẹ̀ Kano. Kí oṣù náà tó parí, àwọn agbẹ́sàréè ní ìgboro ìlú náà ti ń figbe ta pé òkú ti pọ̀ ju èyí tí apá àwọn ká lọ. Nígbà tó di oṣù kẹfà, Dókítà Osagie Ehanire, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, sọ pé ènìyàn 979 ló kú láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ 8 tó para pọ̀ di ìgboro Kano, àti pé ó ṣeé ṣe kí àrùn Kòrónà wà nídìí ikú ìdajì wọn tàbí kí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nassarawa, níbi tí àdúgbò GRA wà, àti Fagge, níbi tí Sabon Gari tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé wà, wà lára àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà.

Kò tíì sí ògùn tí ayé mọ̀ fún àrùn náà nígbà yẹn, nítorí náà ohun tí ọwọ́ tó ni àwọn ènìyàn dì mú. Láti Kano dé Èkó, ìkòkò atalẹ̀, aáyù, kànáfùrù àti ọsàn wẹ́wẹ́ kò kúrò lórí iná. Ẹni tó ń gbé ilé ńlá ní GRA ń se é, ẹni tó háyà yàrá kan ní Sabon Gari náà ń se é. Ìbéèrè tí ìkòkò náà dá sílẹ̀ kò tíì kúrò nílẹ̀: ǹjẹ́ ohunkóhun wà nínú àwọn egbò àti èso wọ̀nyí tó lè yí ìṣe àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń dáàbò bo ara padà?

Ó wà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn láàárín ohun tí egbò ń ṣe nínú ìgò àyẹ̀wò àti ohun tó ń ṣe nínú ara ènìyàn, ojú ọ̀nà yẹn gan-an sì ni ọ̀pọ̀ aláìsàn ti ń ṣìnà.

Nígbà tí aláàbò bá sọ ara di ojú ogun

Bí ẹ̀gún bá gún ọmọdé lẹ́sẹ̀, ojú ibẹ̀ yóò pọ́n, yóò gbóná, yóò wú, yóò sì máa ro ó. Celsus, òǹkọ̀wé ará Róòmù, ti ka àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sílẹ̀ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn. Ìwúlé ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pe àpapọ̀ wọn. Ìwúlé kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ ni, àwọn tó sì ń ṣe iṣẹ́ náà ni àwọn sẹ́ẹ̀lì aláàbò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ẹran ara.

Ẹ̀gún náà ni Élie Metchnikoff, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fi dá iṣẹ́ wọn mọ̀. Ní ọdún 1882, nígbà tó ń gbé ní ìlú Messina ní Ítálì, ó ki ẹ̀gún bọ ara ọmọ ìràwọ̀ òkun, ẹ̀dá kékeré kan tí ara rẹ̀ mọ́ gaara tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè rí inú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń rìn tí wọ́n ti yí ẹ̀gún náà ká, bí ìgbà tí ìjàlọ bá yí egungun ká. Ó sọ àwọn tó tóbi nínú wọn ní orúkọ kan tó túmọ̀ sí ajẹun-ńlá, nítorí pé ńṣe ni wọ́n ń gbé kòkòrò àti ìdọ̀tí mì. Iṣẹ́ náà mú ẹ̀bùn Nobel wá fún un ní ọdún 1908.

Àwọn mìíràn wà tó ń ṣáájú ajẹun-ńlá dé ojú ogun. Neutrophil ni orúkọ wọn, àwọn ló pọ̀ jù nínú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ẹ̀mí wọn kò sì gùn. Ní ọdún 2004, àwọn olùṣèwádìí ní ìlú Berlin fi hàn pé neutrophil lè tú àbùdá inú ara rẹ̀ sóde bí ẹni tó da àwọ̀n sí omi, kí ó fi mú kòkòrò. Àwọ̀n yìí wúlò púpọ̀, àmọ́ bí wọ́n bá ń dà á nígbà tí kò sí ẹja, òpó ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ gan-an ni yóò dí.

Kí ló ń pàṣẹ fún wọn? Protéènì kan tí ń jẹ́ NF-kappa B, tí Ranjan Sen àti David Baltimore ṣàwárí ní ọdún 1986, wà lára àwọn tó ń pàṣẹ. Nígbà tí ara bá balẹ̀, protéènì mìíràn dè é mọ́lẹ̀ kí ó má baà wọ àárín gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì, níbi tí àbùdá wà. Bí kòkòrò bá dé, ìdè náà á já, NF-kappa B á wọlé, á sì pàṣẹ kí sẹ́ẹ̀lì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn ohun tó ń tan ìwúlé kálẹ̀. Lára wọn ni TNF, interleukin-6, àti èròjà COX-2 tó ń ṣe prostaglandin, èyí tó ń mú ara gbóná tó sì ń mú kí ojú ibi tó wú máa ro ènìyàn.

Bí iṣẹ́ bá parí, ó yẹ kí ìdè náà padà sípò. Lára ẹni tó ní irú àrùn làkúrègbé kan tí ara ń bá ara rẹ̀ jà, tàbí ẹni tó ní àrùn lupus, kò padà. Ní ti àrùn Kòrónà tó bá le, àṣẹ náà pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àwọn aláàbò ara á sì sọ ẹ̀dọ̀fóró di ojú ogun. Oṣù kẹfà ọdún 2020 kan náà tí wọ́n ń ka òkú Kano ni ìwádìí RECOVERY jáde ní Bìrìtìkó. Lára àwọn aláìsàn tó lé ní 6,000, ògùn dexamethasone, tó ń pa ẹnu àwọn sẹ́ẹ̀lì aláàbò mọ́, dín ikú kù pẹ̀lú nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tí ẹ̀rọ ń bá mí. Kò ṣe àǹfààní kankan fún àwọn tí wọn kò nílò afẹ́fẹ́ ọ́síjìn. Ògùn kan náà, àrùn kan náà, àmọ́ ìgbà tí wọ́n lò ó ló ya èkínní sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Èyí ṣe pàtàkì fún ohun gbogbo tó kù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ẹni tó bá ní òun fẹ́ paná ìwúlé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá iná ìdáná ni tàbí iná tó ń jó ilé.

Atalẹ̀: láti Kachia dé inú neutrophil

Èyí tó pọ̀ jù nínú atalẹ̀ tí Nàìjíríà ń tà sí òkè òkun ló ń wá láti gúúsù ìpínlẹ̀ Kaduna, ní agbègbè bíi Kachia àti Jaba, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí Kano. Citta ni àwọn Hausa ń pè é. Kànáfùrù tí wọ́n máa ń sè pọ̀ mọ́ ọn, kanumfari ni lẹ́nu wọn, ẹni tó bá sì fetí sílẹ̀ yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ní ọdún 2023, àrùn olú kan kọlu oko atalẹ̀ ní gúúsù Kaduna, ó ba ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́, owó atalẹ̀ sì fò sókè ní gbogbo ọjà.

Ohun tó ń mú atalẹ̀ ta lẹ́nu ni gingerol. Bí wọ́n bá sá atalẹ̀ títí tó fi gbẹ, apá kan nínú gingerol á yí padà di shogaol, èyí tó tún ta jù ú lọ. Ìdí nìyẹn tí atalẹ̀ gbígbẹ fi ń jó ọ̀fun ju tútù lọ. Nínú ìgò àyẹ̀wò, àwọn méjèèjì ń dín COX-2 kù, wọ́n sì ń dá NF-kappa B dúró.

Ní ọdún 2023 tí atalẹ̀ kú lóko yẹn gan-an ni àwọn olùṣèwádìí láti Yunifásítì Colorado àti Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tó sún mọ́ ìkòkò atalẹ̀ ju ti ìgò lọ. Wọ́n fún àwọn ènìyàn tí ara wọn dá ní kápúsùlù atalẹ̀ fún ọjọ́ 7, tí gingerol inú rẹ̀ jẹ́ milígíráàmù 20 lóòjọ́. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún gbà á lẹ́yìn náà. Èròjà kan tó ń mú sẹ́ẹ̀lì rọlẹ̀, tí ń jẹ́ cAMP, ti pọ̀ sí i nínú neutrophil wọn. Nígbà tí wọ́n wá fi ohun tó máa ń bí neutrophil nínú kàn án, kò yára da àwọ̀n rẹ̀ sóde mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nínú eku tó ní irú àìsàn lupus, atalẹ̀ náà ṣe iṣẹ́ kan náà.

Èyí jẹ́ ẹ̀rí tó dára, nítorí inú ara ènìyàn ni egbò náà gbà kọjá kí ó tó dé inú sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ara àwọn tó lò ó dá ṣáká. Ìwádìí náà kò sọ pé atalẹ̀ wo ẹnikẹ́ni sàn, àwọn tó ṣe é gan-an kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Fún orúnkún tó ń dun àgbàlagbà nítorí pé kéréńkéréńké eegun rẹ̀ ti jẹ, àkójọpọ̀ ìwádìí 5 tó jáde ní ọdún 2015, tí aláìsàn 593 kópa nínú wọn, fi hàn pé atalẹ̀ dín ìrora kù, àmọ́ díẹ̀ ni. Lára àwọn tó lò ó, ọ̀pọ̀ ló fi í sílẹ̀ nítorí inú tó ń ta wọ́n.

Atalẹ̀ pupa, tí òkìkí rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ

Kò sí egbò tí ìròyìn rẹ̀ pọ̀ tó ti atalẹ̀ pupa. Curcumin, èròjà tó fún un ní àwọ̀, ń dá NF-kappa B dúró nínú ìgò àyẹ̀wò, ọdún 1995 sì ni èyí ti jáde. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé lórí rẹ̀, tí àwọn ìwé ìròyìn sáyẹ́nsì sì ti fa díẹ̀ nínú wọn sẹ́yìn nítorí àwòrán tí kò ṣeé fọkàn tán.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ara kì í gbà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ènìyàn bá jẹ ni yóò bá ìgbẹ́ jáde, ẹ̀dọ̀ á sì tètè tú ìyókù ká. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ kẹ́místrì kan yẹ iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lórí curcumin wò, títí kan ìwádìí tó lé ní 120 lára ènìyàn, wọ́n sì sọ pé àwọn kò rí ọ̀kan tí wọ́n fi ògùn òfo dán wò lọ́nà tó péye tó sì yọrí sí rere. Wọ́n tún kìlọ̀ pé curcumin máa ń tan àwọn irinṣẹ́ àyẹ̀wò jẹ, tí yóò fi dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti ṣe nǹkan kan.

Àwọn kan gbìyànjú láti tún èyí ṣe. Ní Bangalore ní ilẹ̀ Íńdíà, ní ọdún 1998, àwọn olùṣèwádìí pa á pọ̀ mọ́ piperine, èròjà tó wà nínú ata dúdú tó sì wà nínú iyeré tiwa pẹ̀lú. Curcumin tí ara ènìyàn gbà fi nǹkan bí ìlọ́po 20 pọ̀ sí i. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ṣe kápúsùlù ti ń po méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó bá ṣí fún àlejò lè ṣí fún olè. Ní ọdún 2022, àwọn dókítà ẹ̀dọ̀ ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa aláìsàn 10 tí atalẹ̀ pupa oníkápúsùlù ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́, wọ́n sì bá piperine nínú díẹ̀ lára àwọn ohun tí wọ́n lò. Ọ̀kan nínú wọn kú. Atalẹ̀ pupa inú ọbẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Kápúsùlù tó lágbára ni.

Ẹni tó bá ń ra atalẹ̀ pupa fún ọbẹ̀, ó sàn kí ó ra odidi egbò rẹ̀, kí ó sì lọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2019, àwọn olùṣèwádìí fi hàn pé àwọn oníṣòwò kan ní Bangladesh ń fi ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè tó ní òjé nínú ra atalẹ̀ pupa kí ó lè tàn, òjé náà sì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń jẹ ẹ́.

Orógbó ní Ilé-Ifẹ̀

Ní ti orógbó, àwọn ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn ló ṣe èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Maurice Iwu, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí alága àjọ elétò ìdìbò INEC láti ọdún 2005 dé 2010, onímọ̀ ewé àti egbò ni kí ìṣèlú tó mọ̀ ọ́n. Ní àwọn ọdún 1980, ó kọ̀wé nípa bí àwọn èròjà inú orógbó, tí wọ́n pè ní kolaviron, ṣe ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀ eku. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Farombi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ síwájú, wọ́n sì fi hàn pé kolaviron ń dín COX-2 kù lára eku nípa dídá NF-kappa B dúró.

Àmọ́ Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti gbé orógbó kúrò lára eku wá sí orúnkún ènìyàn. Ní ọdún 2008, Dókítà Ọláyínká Adégbẹ́hìngbé, oníṣẹ́ abẹ egungun, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde. Aláìsàn 143 tí orúnkún ń dùn ni wọ́n kọ́kọ́ gbà wọlé. Àwọn 84 tó bá ìlànà mu ló lò ó parí, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin. Àwọn kan gba ògùn òfo, àwọn kan gba naproxen, àwọn kan gba celecoxib, àwọn tó kù sì gba orógbó tí wọ́n wọ̀n, milígíráàmù 200 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, fún ọ̀sẹ̀ 6.

Orógbó dín ìrora àti wíwú orúnkún kù ju ògùn òfo lọ. Ó tún mú kí àwọn aláìsàn lè na ẹsẹ̀ kí wọ́n sì ká a dáadáa. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ju naproxen àti celecoxib lọ. Ìwádìí náà kéré, àkókò rẹ̀ kò gùn, orúnkún tó jẹ nìkan ló sì kàn. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe wọn orógbó náà, tí wọ́n fi í wé ògùn òfo àti ògùn òyìnbó pa pọ̀, jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ àgbo tó ń ta lójoojúmọ́ ní ọjà kò tíì là kọjá rí.

Orógbó kan náà ló sì fún orílẹ̀-èdè yìí ní ẹ̀kọ́ kejì. Ní ọdún 1999, Iwu sọ níbi àpérò àwọn onímọ̀ ewéko ní Amẹ́ríkà pé èròjà inú orógbó dá kòkòrò Ebola dúró nínú ìgò àyẹ̀wò. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, àwọn ènìyàn rántí ọ̀rọ̀ náà, orógbó sì di ohun tí wọ́n ń wá kiri. Ènìyàn 20 ló kó àrùn náà, 8 nínú wọn kú. Wíwá àwọn tó ti bá aláìsàn pàdé, yíyà wọ́n sọ́tọ̀ àti fífún wọn ní omi tó pọ̀ tó ló gba àwọn tó kù là, títí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ọ̀rọ̀ sóbò kò gùn. Òdòdó ìsápá tí wọ́n fi ń ṣe é, tí Kano jẹ́ ọ̀kan nínú ojúkò òwò rẹ̀, ní àwọn èròjà pupa tó ń pẹ̀tù sí ìwúlé nínú ìgò àyẹ̀wò. Ohun tí ẹ̀rí rẹ̀ dájú jù ni ti ẹ̀jẹ̀ ríru: ní ọdún 2010, ìwádìí kan ní Yunifásítì Tufts lára ènìyàn 65 fi hàn pé ife tíì ìsápá 3 lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6 fà á wálẹ̀ díẹ̀. Èyí tí wọ́n da ṣúgà kún títí ó fi dùn bí oyin kọ́ ni wọ́n mu.

Ibi tí ewu wà

Kò sí ẹni tó yẹ kó máa rò pé ewéko kò lè di ògùn gidi. Láti inú ìmọ̀ èpo igi willow ni aspirin ti wá ní ọdún 1897, ọdún 1971 ni John Vane sì tó ṣàlàyé pé ó ń dí prostaglandin lọ́wọ́. Colchicine, tí wọ́n ń yọ láti ara òdòdó kan, ń dá neutrophil dúró kí ó má lè rìn lọ sí oríkèé ẹni tó ní àrùn gout. Ṣùgbọ́n colchicine tó bá fi díẹ̀ lé sí i ń pa ènìyàn. Ohun tó sọ àwọn méjèèjì di ògùn ni pé wọ́n mọ ìwọ̀n wọn.

Àgbo làkúrègbé tí kò ní ìwọ̀n ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí, pàápàá èyí tó bá yára ṣiṣẹ́ jù. Ní ọdún 2022, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa ohun kan tí wọ́n ń tà fún ìrora oríkèé, tí wọ́n pè ní ti ewéko, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé diclofenac àti dexamethasone wà nínú rẹ̀ láìsí lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Irú èyí ti ṣẹlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Orúnkún tó wú á fọ̀ láàárín ọjọ́ méjì, oníbàárà á dúpẹ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi rìbìtì, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á gòkè, ẹ̀jẹ̀ á ru, eegun á máa rọ̀, ọgbẹ́ inú á dé. Ìwúlé tí ara nílò láti fi ká ikọ́ ẹ̀gbẹ mọ́ ibi kan náà á rọlẹ̀. Láti ọdún 2001 ni àwọn dókítà ti mọ̀ pé àwọn ògùn tó ń dí TNF lè jí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó ti sùn nínú ara fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ sì ni àrùn náà wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà.

Ẹni tó bá ti ń mu irú àgbo bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kò gbọdọ̀ jù ú nù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Bí dexamethasone bá pẹ́ lára, ẹṣẹ́ kékeré tó wà lórí kíndìnrín á dẹ́kun àtiṣe irú rẹ̀ tí ara ń lò. Bí ti ìgò bá tún dáwọ́ dúró lójijì, aláìsàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í bì, kí ó dákú, kí ó sì kú. Kí ó gbé ìgò náà lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn, kí dókítà fi díẹ̀díẹ̀ yọ ọ́ kúrò lára rẹ̀.

Bákan náà, atalẹ̀ àti atalẹ̀ pupa tó bá pọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ń lo warfarin má tètè dì, ó sì yẹ kí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún sọ fún dókítà bí ó bá ń lo kápúsùlù wọn. Ẹni tó ń lo ògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó sì ń mu sóbò lójoojúmọ́ gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Lára ọ̀pọ̀ ìgò àgbo tí àjọ NAFDAC fún ní nọ́ńbà, gbólóhùn kan wà tó sọ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní àgbo náà ń ṣe wò. Ohun tí nọ́ńbà náà wá fún ni láti fi hàn pé àjọ náà mọ̀ pé ọjà náà wà, àti pé ó yẹ kó ṣeé mu láìséwu bí wọ́n bá tẹ̀lé ìlànà. Kò sọ pé ó ń wo làkúrègbé. Ní Kano, ẹni tí oríkèé rẹ̀ bá wú fún ọ̀sẹ̀ 6 tí kò fọ̀, tàbí tó ń le gan-an láàárọ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lè lọ sí ilé ìwòsàn egungun ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Dala tàbí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Aminu Kano tó wà ní òpópónà Zaria, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí oríkèé náà tó tẹ̀ wọ́. Bí ó bá ń mu atalẹ̀ bọ̀ láti ilé, kí ó sọ fún wọn iye tó ń mu.